Bí A Ṣe Ń Rin Ọrùn Òkè Mẹ́rin ní Ọjọ́ Kan: Láti Seatoller Yípo Padà sí Seatoller

Ní agbègbè Lake District, ní apá àríwá-ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà ẹsẹ̀ kan wà tí ènìyàn lè gbà kúrò ní abúlé Seatoller ní àárọ̀, kí ó la ọrùn òkè mẹ́rin kọjá, kí ó sì padà dé Seatoller kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tí mo ń pè ní ọrùn òkè ni ibi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ jù láàárín òkè gíga méjì, ibi tí àwọn olùṣọ́ àgùntàn àti àwọn tí ń fi ẹṣin kó ẹrù máa ń gbà bọ́ láti àfonífojì kan sí òmíràn kí ọ̀nà ọkọ̀ tó dé. Bí a ó ṣe máa bá wọn pàdé, orúkọ wọn ni Sty Head, Black Sail, Scarth Gap àti Honister. Kò sí èyí tí ó ga tó mítà 600 nínú wọn, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń fojú kéré wọn. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Britain, tí wọ́n ti ń rìn kiri orí òkè ní òpin ọ̀sẹ̀, tí wọ́n sì fẹ́ dán èyí tí ó le ju ti àtẹ̀yìnwá wò. Ẹni tí kò gun òkè rí kò gbọdọ̀ fi èyí bẹ̀rẹ̀.

Kí n tó sọ̀rọ̀ bàtà àti oúnjẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó jẹ mí lógún jù lọ. Bí ènìyàn bá gun òkè kan ṣoṣo tí ó rẹ̀ ẹ́, yóò yí padà, yóò sì sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tí ó ti wá. Ìrìn yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọrùn òkè tí ẹ bá là kọjá ni yóò sọ yín sínú àfonífojì mìíràn, òkè ni yóò sì tún wà láàárín yín àti ibi tí ẹ ti gbéra. Ẹni tí ó bá ti Sty Head sọ̀ kalẹ̀ sí Wasdale Head, tí orúnkún wá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún níbẹ̀, kò ní rí bọ́ọ̀sì kankan tí yóò gbé e padà sí Seatoller. Bí ó bá háyà ọkọ̀, ọkọ̀ náà yóò yí ẹ̀yìn gbogbo òkè náà ká, ìrìn náà yóò sì lé ní wákàtí kan dáadáa. Nítorí náà, orí ọrùn òkè ni a ti ń pinnu bóyá a ó tẹ̀síwájú tàbí a ó padà. Bí a bá dé ìsàlẹ̀ kí a tó ronú, ọ̀rọ̀ ti bọ́. Ohun yìí ni ó mú mi to ìrìn náà bí mo ṣe tò ó: ọrùn òkè méjì tí ó jìnnà sí ọ̀nà ọkọ̀ jù ni a ó kọ́kọ́ gùn nígbà tí agbára ṣì wà, èyí tí ọ̀dà ọkọ̀ gba orí rẹ̀ kọjá ni a ó sì fi parí.

Ìṣirò àkókò

Gbogbo ìrìn náà tó nǹkan bíi kìlómítà 25, bí a bá sì ro gbogbo gígùn òkè inú rẹ̀ pọ̀, ó súnmọ́ mítà 1,200. Ní ọdún 1892, ará Scotland kan tí ń jẹ́ William Naismith gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí àwọn arìnrìn-àjò orí òkè ṣì ń lò títí di òní: ẹ ka wákàtí kan fún kìlómítà márùn-ún tí ẹ bá rìn, kí ẹ sì fi wákàtí kan kún un fún mítà 600 tí ẹ bá gùn. Nípa èyí, kìlómítà 25 jẹ́ wákàtí márùn-ún, mítà 1,200 jẹ́ wákàtí méjì, àpapọ̀ rẹ̀ wá di wákàtí méje. Ṣùgbọ́n ìlànà náà kò ka àkókò tí a fi ń jẹun, tí a fi ń wo máàpù, tí a fi ń bọ ẹ̀wù òjò wọ̀ tí a sì tún ń bọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni kò ka òkúta tí ó máa ń mú ẹsẹ̀ falẹ̀ nígbà tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ṣètò wákàtí mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá. Bí ẹ bá pọ̀, ẹsẹ̀ ẹni tí ó lọ́ra jù nínú yín ni kí ẹ fi ṣírò, kí ẹ sì sọ èyí fún gbogbo ènìyàn ṣáájú, kí ojú má baà ti ẹni náà lọ́nà.

Ní oṣù kẹfà, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán máa ń tó wákàtí 17 ní agbègbè yìí. Ní oṣù kejìlá kì í pé mẹ́jọ. Láti oṣù karùn-ún sí àárín oṣù kẹsàn-án ni mo gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti rìn ín. Nígbà òtútù, yìnyín máa ń dì sórí òkúta, ẹni tí kò bá sì ti kọ́ bí a ṣe ń lo àáké yìnyín àti irin ẹlẹ́yín tí a ń so mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀.

Ìdánwò kan wà tí mo máa ń fún àwọn tí wọ́n bá ní kí n mú wọn dání. Kí wọ́n lọ rin kìlómítà 18 níbi tí gígùn òkè rẹ̀ tó mítà 800, kí wọ́n sì wo bí ara wọn yóò ṣe rí ní ọjọ́ kejì. Bí wọ́n bá ń di ògiri mú kí wọ́n tó lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé, kí wọ́n tún fi oṣù méjì múra sí i. Àwọn tí wọ́n ti gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè tí ó lé ní 600 máa ń sọ fún mi pé àwọn mọ òkè gùn, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n oòrùn ni ọ̀tá wọn ní Ìdànrè, nígbà tí ó jẹ́ pé òjò àti afẹ́fẹ́ tútù ni ọ̀tá níhìn-ín.

Òjò, àti bí a ṣe ń ka ìròyìn ojú ọjọ́

Òjò kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ní ọ̀nà yìí. Seathwaite, ibùdó àgbẹ̀ tí a ó gbà kọjá ní ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn wa, ni a mọ̀ sí ibi tí òjò ti ń rọ̀ jù nínú gbogbo ibi tí ènìyàn ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: nǹkan bíi mìlímítà 3,500 lọ́dún, èyí tí ó ju ìlọ́po méjì òjò Ìbàdàn lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2009, mìlímítà 316.4 rọ̀ níbẹ̀ láàárín wákàtí 24. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kejìlá ọdún 2015, Honister, ọrùn òkè tí a ó gùn gbẹ̀yìn, borí rẹ̀ pẹ̀lú mìlímítà 341.4 láàárín wákàtí 24. Òkè ni ó ń fà á: afẹ́fẹ́ tí ó gbé omi láti orí òkun kọlu àwọn òkè wọ̀nyí, ó gòkè, ó tutù, ó sì da omi náà sílẹ̀. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún arìnrìn-àjò ni pé odò kékeré tí ọmọdé lè fò kọjá ní àárọ̀ lè di ohun tí ń gbé àgbàlagbà lọ ní ọ̀sán.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, àti ní òwúrọ̀ kí ẹ tó gbéra, ẹ ka ìròyìn ojú ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe fún orí òkè gan-an. Met Office ń gbé tirẹ̀ jáde, Mountain Weather Information Service ń ṣe tirẹ̀, Lake District Weatherline sì wà fún agbègbè náà nìkan. Ìròyìn ojú ọjọ́ ti ìlú Keswick kò tó. Ẹ wo ohun mẹ́ta: bí afẹ́fẹ́ yóò ṣe le tó lókè, wákàtí tí òjò yóò dé, àti ibi tí ìsàlẹ̀ ìkùukùu yóò wà. Bí wọ́n bá ní ìkùukùu yóò sọ̀ kalẹ̀ dé mítà 500, ẹ mọ̀ pé inú rẹ̀ ni ẹ ó wà lórí Black Sail, tí ó ga tó nǹkan bíi mítà 545, a sì jẹ́ pé kọ́ńpáàsì ni yóò jẹ́ ojú yín. Bí òjò ńlá bá ti rọ̀ fún ọjọ́ méjì ṣáájú, kódà bí òní bá mọ́ gaara, ẹ fi ìrìn náà sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Ẹrù

Bàtà tí ó di ọrùn ẹsẹ̀ mú, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín jíjìn, tí ẹ sì ti wọ̀ fún ìrìn mẹ́ta ó kéré tán kí ẹ tó gbé e wá síbí. Bàtà tuntun yóò bó yín lẹ́sẹ̀ kí ẹ tó dé Wasdale. Ẹ má wọ jíǹsì, ẹ má sì wọ aṣọ òwú mọ́ ara, nítorí pé bí òwú bá ti tutù kì í tètè gbẹ, ṣe ni yóò máa fa ooru ara yín jáde. Aṣọ irun àgùntàn tàbí èyí tí wọ́n ṣe fún eré ìdárayá ni kí ó wà nísàlẹ̀, kí èyí tí ó nípọn wà lórí rẹ̀, kí ẹ̀wù òjò àti ṣòkòtò òjò sì wà nínú báàgì bí ojú ọ̀run tilẹ̀ funfun. Fìlà àti ìbọ̀wọ́ ńkọ́? Ẹ mú wọn, nínú oṣù keje pàápàá.

Máàpù tí a nílò ni Explorer OL4 àti OL6 ti Ordnance Survey, tí òṣùwọ̀n wọn jẹ́ 1 sí 25,000. Mo mọ̀ pé fóònù ní máàpù. Tèmi náà ní in. Ṣùgbọ́n òtútù máa ń mu bátìrì, òjò kì í sì jẹ́ kí ojú fóònù gbọ́ ìka mọ́, nítorí náà máàpù bébà nínú ọ̀rá pẹ̀lú kọ́ńpáàsì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ènìyàn méjì ó kéré tán nínú ẹgbẹ́ yín. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tí a ń dè mọ́ orí, fèrè, bándéèjì, oògùn tí oníkálukú ń lò, àti àpò ọ̀rá ńlá tí ènìyàn lè wọ inú rẹ̀ sùn bí ó bá farapa kún un.

Ní ti oúnjẹ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé bísíkíìtì nìkan tó. Ẹ̀pà, kúlíkúlí, ìpékeré, ẹyin sísè àti búrẹ́dì dára púpọ̀ nítorí pé a lè máa jẹ wọ́n díẹ̀díẹ̀ láìjókòó, èmi sì máa ń gbé ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù gbígbóná nínú fúláàsì ẹlẹ́nu gbòòrò, tí mo ń ṣí ní Wasdale Head. Lítà omi méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Dídé Seatoller

Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin dé Penrith, ẹ wọ bọ́ọ̀sì X4 tàbí X5 dé Keswick, lẹ́yìn náà kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì 78 tí ń gba inú àfonífojì Borrowdale dé Seatoller. Ẹni tí ó bá kúrò ní London tàbí Manchester ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìrìn ti pẹ́ jù, nítorí náà ẹ sùn sí Keswick tàbí Borrowdale ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú. Ẹ kọ àkókò bọ́ọ̀sì tí ó kẹ́yìn padà sí Keswick sórí bébà, nítorí pé ètò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yàtọ̀ sí ti ìgbà òtútù. Kí ẹ tó gbéra, ẹ sọ fún ẹnì kan nílé: ọ̀nà tí ẹ ó gbà, wákàtí tí ẹ rò pé ẹ ó dé, àti wákàtí tí ó gbọ́dọ̀ pe ọlọ́pàá bí kò bá gbúròó yín.

Láti Seatoller dé orí Sty Head

Ẹ rin ọ̀nà ọkọ̀ kékeré lọ sí Seathwaite, tí kò ju nǹkan bíi kìlómítà méjì lọ. Lókè ní apá ọ̀tún yín, kí ẹ tó dé ibùdó àgbẹ̀ náà, ni àwọn ihò tí wọ́n ti ń wa òkúta dúdú tí a fi ń ṣe lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsùlù láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ohun náà ni ó sì sọ Keswick di ìlú pẹ́ńsùlù. Ẹ la àárín ilé àgbẹ̀ náà kọjá, kí ẹ ti gbogbo géètì tí ẹ bá ṣí, nítorí pé àgùntàn ni oúnjẹ òòjọ́ àwọn ará ibẹ̀.

Lẹ́yìn kìlómítà kan ó lé díẹ̀, ẹ ó dé Stockley Bridge, afárá òkúta kékeré tí ó tẹ̀ bí ọrun, tí wọ́n kọ́ fún ẹṣin ẹlẹ́rù. Ẹ sọdá rẹ̀ kí ẹ sì máa gun òkè náà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ba ọjọ́ wọn jẹ́: wọ́n á sáré gòkè nítorí pé ara ṣì le. Ìwọ̀n tí mo ń lò ni pé kí ènìyàn máa lè sọ gbólóhùn kan parí láìmí gúlegúle. Bí kò bá lè ṣe é, kí ó dẹ ẹsẹ̀. Bí òkè náà bá ti tẹ́jú, ẹ ó rí adágún kékeré kan tí ń jẹ́ Styhead Tarn ní apá òsì, orí ọrùn òkè náà kò sì jìnnà sí i mọ́.

Ìpinnu àkọ́kọ́, lẹ́bàá àpótí ìgbàlà

Lórí Sty Head, ní gíga tí ó súnmọ́ mítà 490, àpótí kan wà níbẹ̀ tí àwọn adóòlà orí òkè ń tọ́jú ibùsùn tí wọ́n fi ń gbé ẹni tí ó farapa sí. Ẹ dúró lẹ́bàá rẹ̀. Ọ̀nà tí ó pàdé níbẹ̀ pọ̀: ọ̀kan lọ sí orí Great Gable, ọ̀kan lọ sí Esk Hause, òmíràn tí ń jẹ́ Corridor Route lọ sí Scafell Pike, òkè tí ó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú mítà 978, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó sì lọ sí Wasdale Head.

Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi àti àbúrò mi obìnrin dé ibẹ̀, kùrukùru ti bo gbogbo rẹ̀, a kò rí ju ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ ogún lọ. Àwọn ènìyàn mẹ́fà kan kọjá lára wa pẹ̀lú ìdánilójú, èmi náà sì tẹ̀lé wọn láìwo kọ́ńpáàsì. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú ni àbúrò mi dúró, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní a ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Wasdale; kí ló dé tí a tún ń gun òkè?” Mo wo ẹsẹ̀ mi, mo wo òkúta iwájú mi tí omi ń sàn lórí rẹ̀ wá bá wa láti òkè, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni ó sọ. Ọ̀nà Scafell Pike ni a wà. A padà sí ìdí àpótí náà, a sì tún ìrìn wa tò.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣe é báyìí. Ẹ tẹ́ máàpù sílẹ̀, kí ẹ gbé kọ́ńpáàsì lé e, kí ẹ sì yí ara yín títí ẹ ó fi dojú kọ ìwọ̀-oòrùn tí ó tẹ̀ díẹ̀ sí gúúsù. Great Gable gbọ́dọ̀ wà ní ọwọ́ ọ̀tún yín ní gbogbo ọ̀nà, ilẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀ láìpẹ́. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá yàtọ̀, ẹ dúró.

Kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kan sí ìhà Wasdale, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́rin. Aago mélòó ni ó lù? Bí ó bá ti kọjá aago mọ́kànlá àbọ̀ òwúrọ̀, ẹ padà. Ṣé ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ti ń bó? Ṣé ojú ọjọ́ ń ṣe bí wọ́n ti wí? Ṣé gbogbo ènìyàn ti jẹun? Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó kéré jù nínú ẹgbẹ́ náà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, nítorí pé bí àgbà bá ti ní a ó lọ, ọmọdé kì í sábà lè sọ pé ó ti rẹ òun. Kò sí ohun ìtìjú nínú kí a ti Sty Head padà sí Seatoller; ìrìn tí ó dùn ni ìyẹn fúnra rẹ̀.

Níwọ̀n bí a ti wà lẹ́bàá àpótí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń pe ìrànlọ́wọ́. Ẹ pe 999, ẹ bèèrè ọlọ́pàá, lẹ́yìn náà kí ẹ ní Mountain Rescue, ìyẹn àwọn adóòlà orí òkè, ni ẹ ń wá. Ẹ sọ nọ́ńbà ibi tí ẹ wà láti ara máàpù, irú ìfarapa náà, àti iye ènìyàn tí ẹ jẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi lórí ọ̀nà yìí, ohùn kì í kọjá lórí fóònù ṣùgbọ́n àtẹ̀jíṣẹ́ lè kọjá, nítorí náà ẹ ti ilé fi ọ̀rọ̀ “register” ránṣẹ́ sí 999, kí ẹ sì tẹ̀lé ohun tí wọ́n bá fèsì. Bí fóònù bá kọ̀ pátápátá, ẹ fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì tún un ṣe. Ẹni tí ó bá gbọ́ yóò fọn tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwọn tí yóò wá jẹ́ ènìyàn tí ó fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ láìgba owó, nítorí náà a kò gbọdọ̀ pè wọ́n nítorí àárẹ̀ lásán, a kò sì gbọdọ̀ tijú láti pè wọ́n bí ẹsẹ̀ bá kán.

Wasdale Head

Ọ̀nà tí ó hàn jù gba ẹ̀gbẹ́ Great Gable, lórí òkúta wẹ́wẹ́ tí ń yọ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúkúrú, kí ẹ fi gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀; ẹni tí ó bá ní ọ̀pá ìtilẹ̀ méjì, ibí ni kí ó ti fà wọ́n gùn díẹ̀ sí i. Kìlómítà mẹ́rin ni ó tó kí ẹ tó wọ àárín àwọn ògiri òkúta tí wọ́n tò láìfi amọ̀ lẹ̀ wọ́n, tí ó yí pápá àgùntàn ká. Ilé ìgbàlejò kan wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì kékeré St Olaf wà níbẹ̀ lábẹ́ igi, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kéré jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí òkè pa sì wà lára àwọn tí wọ́n sin sí àgbàlá rẹ̀. Mo máa ń wọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ yí ìbọ̀sẹ̀ padà, ẹ jẹun gidi, kí ẹ sì rọ omi. Ẹ má lò ju ìṣẹ́jú 40 lọ.

Black Sail

Èyí ni ó le jù. Láti ibi tí kò ga ju nǹkan bíi mítà 80 lọ ni a ó ti gun mítà 465 lẹ́yìn tí a ti jẹun. Ẹ gba ẹ̀yìn ilé ìgbàlejò náà. Afárá ẹṣin kan wà níbẹ̀ tí ó máa ń fa ojú mọ́ra, ṣùgbọ́n ẹ má sọdá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí odò Mosedale Beck wà ní ọwọ́ òsì yín, kí ẹ sì tọ ẹsẹ̀ òkè Kirk Fell lọ sínú àfonífojì náà. Ọ̀nà náà yóò kọ́kọ́ tẹ́jú, yóò wá yà sókè, yóò sì sọdá ìṣàn omi kan tí ń jẹ́ Gatherstone Beck, tí kò ní afárá.

Nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, ẹ ó tẹ orí òkúta kọjá. Bí omi bá ti bo àwọn òkúta náà, tí ó pọ́n, tí ó sì ń hó, ẹ fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n. Bí ó bá ga dé orúnkún, ẹ padà sí Wasdale Head kí ẹ wá ibi sùn síbẹ̀. Owó ilé ìgbàlejò kò tó ẹ̀mí.

Lẹ́yìn ibẹ̀, ọ̀nà náà ń lọ́ gòkè títí dé ọrùn òkè láàárín Kirk Fell àti Pillar, níbi tí ẹ ó ti rí àwọn òpó irin ọgbà àtijọ́. Àwọn òpó yẹn tọ orí òkè lọ sí ọ̀tún àti sí òsì, wọn kò lọ sí ibi tí a ń lọ; nínú kùrukùru, ẹ má tọ̀ wọ́n. Iwájú gan-an, ní ìhà àríwá, ni ọ̀nà tiwa sọ̀ sí. Ẹ tún bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́rin ti ìṣáájú.

Ennerdale àti Scarth Gap

Ọ̀nà náà yóò mú yín dé afárá ẹsẹ̀ lórí odò Liza, àti lẹ́yìn rẹ̀ Black Sail Hut, ilé òkúta kékeré tí ó ti fìgbà kan jẹ́ ti àwọn olùṣọ́ àgùntàn, tí ẹgbẹ́ YHA wá sọ di ibùsùn fún àwọn arìnrìn-àjò. Kò sí abúlé nítòsí rẹ̀, ọ̀nà ọkọ̀ ará ìlú kò sì dé ibẹ̀. Ní ọjọ́ òjò, ẹ ó bá àwọn àjèjì tí aṣọ wọn ń ro omi lábẹ́ òrùlé rẹ̀, òjò a sì kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ bi wọ́n bí ọ̀nà tí wọ́n gbà wá ti rí, nítorí pé ìròyìn tí ó tuntun jù nípa odò àti afẹ́fẹ́ ni ó wà lẹ́nu wọn.

Ẹ tọ ojú ọ̀nà igbó lọ sí ìwọ̀-oòrùn díẹ̀, kí ẹ yà sí ọ̀tún sí ọ̀nà ẹsẹ̀ tí ó gun ẹ̀gbẹ́ òkè lọ sí Scarth Gap, tí ó ga tó mítà 445. Ó kúrú, ẹsẹ̀ a sì ti wúwo. Ní òkè rẹ̀, adágún Buttermere yóò tẹ́ sílẹ̀ níwájú yín bí ẹní. Ìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀ rọrùn láti rí títí dé Peggy's Bridge àti oko Gatesgarth.

Gatesgarth, Honister, àti ìparí

Ibí yìí ni ẹ ti pàdé ọ̀dà ọkọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Wasdale. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, bọ́ọ̀sì 77 tàbí 77A ń gba ọ̀nà yìí kọjá lórí Honister, ẹni tí orúnkún ń dùn kò sì gbọdọ̀ fi agídí kọ̀ ọ́.

Àwọn tí yóò rìn, kìlómítà mẹ́rin kò pé dé orí Honister, mítà 356. Ní òpin rẹ̀, ọ̀nà ọkọ̀ náà dagun débi pé ẹ ó máa gun mítà kan fún mítà mẹ́rin tí ẹ bá rìn. Ẹ máa rìn ní apá ọ̀tún ọ̀nà kí ẹ lè máa rí ọkọ̀ tí ń bọ̀ níwájú, kí ẹ tò tẹ̀lé ara yín, kí ẹ sì wọ aṣọ tí ó mọ́lẹ̀. Ọ̀nà mìíràn gba inú Warnscale gòkè sí ilé Dubs, kí ó tó tọ ibi tí ojú irin àtijọ́ gbà sọ̀ kalẹ̀ sí Honister. Ó lẹ́wà ju ọ̀dà lọ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ga jù ú lọ, òkúta rẹ̀ sì pọ̀, nítorí náà ẹni tí ó bá ṣì ní wákàtí mẹ́ta ìmọ́lẹ̀ àti ẹsẹ̀ tí kò dùn ún nìkan ni kí ó gbà á. Lórí Honister, ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta pẹlẹbẹ aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń bo òrùlé. Láti ibẹ̀, ẹ fi ọ̀dà sílẹ̀ fún àwọn ọkọ̀, kí ẹ tọ ọ̀nà owó-ibodè àtijọ́ tí ó sọ̀ kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ fún nǹkan bíi kìlómítà méjì ó lé díẹ̀ sí Seatoller.

Níbi tí ẹ ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, ẹ ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè kí ẹ yẹ ẹ̀yìn orúnkún, ìbàdí àti abẹ́ abíyá ara yín wò, nítorí pé eégbọn máa ń lẹ̀ mọ́ ènìyàn láti inú koríko gíga, ó sì lè kó àìsàn Lyme ran ni. Ẹ fi ohun kékeré tí wọ́n ṣe fún yíyọ rẹ̀ yọ ọ́ pẹ̀lú orí rẹ̀. Níwọ̀n bí fóònù kì í ti í sábà gbọ́ràn ní Seatoller, ẹ ti sọ fún ẹni tí ń retí yín nílé pé láti Keswick ni ẹ ó ti pè é. Bí ẹ bá ti bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì níbẹ̀, kí ẹ tó wá oúnjẹ, ẹ pè é.